Ìbéèrè Yín: Ṣé ọmọ kò ní gbàgbé bí a bá dákẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, sọ fún mi pé olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ níwèé nílé ti bá a ṣe ìṣekúṣe. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Láti ìgbà náà ló ti ń tọ̀ sílé, kò sì fẹ́ dá sùn mọ́. Wọ́n ní kí n mú un lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn, àmọ́ bàbá rẹ̀ ní ká má rán an létí, pé yóò gbàgbé. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ tí àwa òbí kò lè ṣe? — Ìyá Ọmọ, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àfaradà, Màmá. Ẹ gbà á gbọ́ nígbà tó sọ ọ́, ohun ńlá lẹ ṣe fún un yẹn.

Ọmọ kì í sábà gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ilé bá ń yẹra fún ọ̀rọ̀ náà, ó lè gbà pé òun lòun fà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbẹ̀rù ló ń fa ìtọ̀ yẹn. Ẹ má nà án, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìtọ́jú kan tí wọ́n ti dán wò dáadáa ni TF-CBT, ìyẹn ìtọ́jú alọ́rọ̀ sísọ fún ọmọ tí nǹkan búburú ti ṣẹlẹ̀ sí, tí Judith Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó sábà máa ń gba ìjókòó 12 sí 16, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ á ní àkókò tirẹ̀, òbí náà á ní tirẹ̀. Wọn kì í fipá bi ọmọ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mímí ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́ ọ: kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé bèbí rẹ̀ lé ikùn, kó fa èémí símú títí bèbí á fi gbéra sókè, kó wá tú u sílẹ̀ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè máa bá a ṣe é lálaalẹ́.

Ó di àárín ìtọ́jú kó tó máa sọ ìtàn náà, nínú ìwé tàbí àwòrán. Bó bá ní, "Ǹ bá ti pariwo," ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà: wọ́n á bá a tú èrò náà palẹ̀ títí á fi mọ̀ pé àgbàlagbà yẹn ló jẹ̀bi. Ó lè tún máa lálàákálàá lásìkò yìí. Ẹ má torí ẹ̀ dá ìtọ́jú dúró.

Lẹ́yìn náà ló máa kà á fún yín. Wọ́n á ti múra yín sílẹ̀, torí bí ẹ bá fárígá tàbí tí ẹ sunkún kíkan, ọmọ á pa ìyókù mọ́nú kó má baà dùn yín.

Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí mọ̀lẹ́bí máa pe ọmọ jókòó pé kó tún un sọ. Ẹ má gbà fún wọn.

Mirabel Centre, tó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó n'Íkẹjà, láti ọdún 2013, ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì pé wákàtí 72 tó ṣẹlẹ̀, kó kọ́kọ́ sáré gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, torí ìgbà náà kò gbọdọ̀ kọjá kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bàbá rẹ̀ dání. Wọ́n á ráyè gbọ́ tirẹ̀ náà.