Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti oúnjẹ àjèjì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹsẹ̀ la ó fi rìn ín

Ìbéèrè: Sátidé àti Mọ́ńdè nìkan ni àyè yóò yọ fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí n sì tọ́ oúnjẹ àwọn ẹ̀yà mìíràn wò, láìwọ ọkọ̀ káàkiri. N kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Báwo ni kí n ṣe tò ó?

Ìdáhùn: Mọ́ńdè yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa ń da ètò àlejò rú. Whitechapel Gallery àti Museum of the Home, ní ìlà-oòrùn ìlú, kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. British Museum àti National Gallery ń ṣí lójoojúmọ́. Ẹ gba ìlà-oòrùn ní Sátidé, kí ẹ fi àárín ìlú sí Mọ́ńdè. Ọ̀fẹ́ ni ẹ ó wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àfihàn àkànṣe ni wọ́n sábà máa ń gbowó lé.

Ní Sátidé, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Aldgate East ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Whitechapel Gallery wà lẹ́nu ibẹ̀. Wákàtí kan tó o. Láti ibẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni Brick Lane, níbi tí àwọn ará Bangladesh pọ̀ sí. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí tó wà ní igun Fournier Street dáadáa: ní 1743, ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn Huguenot, àwọn Kristẹni Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá wá láti Faransé, kọ́ ọ, ó di sínágọ́gù lẹ́yìn náà, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa bá búrẹ́dì olóruka àwọn Júù, tí wọ́n ń fi ẹran màlúù oníyọ̀ há láàárín, ní ìparí àdúgbò tó kún fún kọ́rì. Ẹyọ kan ni kí ẹ rà, ẹ má jẹ ẹ́ yó.

Ìrìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i ni Museum of the Home, ní Kingsland Road. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Òpópónà kan náà ni àwọn ará Vietnam ti ń ta phở, ọbẹ̀ olómi tí wọ́n fi núdùlù ìrẹsì sí. Tí ẹ bá béèrè fún “tái”, ẹran tútù ni wọn yóò gé pẹlẹbẹ sínú omi gbígbóná. Ẹni tó fẹ́ ẹran jíjinná, “chín” ni kó béèrè. “Gà” ni adìyẹ.

Ní Mọ́ńdè, ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ British Museum sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ẹ má fa àpótí onítáyà dání, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Wákàtí méjì péré, yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin: lẹ́yìn ìyẹn, ojú á máa wò, ọpọlọ ò ní gbà mọ́. Yàrá 25 nísàlẹ̀ ni àwọn ère idẹ Benin tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 wà. Orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 náà wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú bóyá wọ́n pàtẹ rẹ̀.

Ẹ jáde sí Great Russell Street, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ wá yà sósì kí ẹ tẹ̀ lé Charing Cross Road títí dé Cambridge Circus. Ẹ yà sọ́tùn-ún sí Shaftesbury Avenue. Òsì ni Gerrard Street, òpópónà pàtàkì Chinatown, àdúgbò àwọn ará Ṣáínà, wà. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwòrán ìlú tó wà lára àwọn òpó ojú ọ̀nà máa ń ṣi àlejò lọ́nà: ibi tí ẹ kọjú sí ló wà lókè rẹ̀, kì í ṣe àríwá. Tí ẹ bá sì fẹ́ sọdá, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹun kí aago kan tó lù. Dim sum, oúnjẹ kéékèèké inú agbọ̀n, ọ̀sán ni wọ́n ń tà á jù. Siu mai àti char siu bao, ẹlẹ́dẹ̀ ni. Edé ló wà nínú har gow, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pò ó, ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bíìlì: wọ́n sábà máa ń ti fi “service charge”, owó ìmoore fún àwọn agbáwo, 12.5% kún un, ẹ má tún san án lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, National Gallery kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í ní Mọ́ńdè.