Ẹ Bi Wá Léèrè: Ṣé Igbó Kan Yàtọ̀ sí Igbó Kejì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Toronto ló sọ fún mi lórí fóònù pé oríṣi igbó mímu méjì ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí òfin ti fàyè gbà á, pé sativa ń mú ara yá gágá, indica sì ń mú ènìyàn sùn. Igbó kan ṣoṣo ni èmi mọ̀ láti kékeré. Ṣé òótọ́ ni pé ewéko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n? (Ìyá kan, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Apá kan ọ̀rọ̀ ọmọ yín tọ̀nà, àwọn oníṣòwò ló fi apá kejì kún un. Carl Linnaeus ará Sweden ló fún ewéko yìí ní orúkọ Cannabis sativa ní ọdún 1753, èyí tí ó sì mọ̀ ni irú tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù láti fi lọ́ okùn àti láti fi hun aṣọ. Ní ọdún 1785, Jean-Baptiste Lamarck ará Faransé yẹ irú tí wọ́n kó wá láti Íńdíà wò, ó rí i pé igi rẹ̀ le ju ti Yúróòpù lọ àti pé ó máa ń gun ènìyàn lórí, ó sì sọ ọ́ ní Cannabis indica. Ìgbà tó di ọdún 1924 ni Janischewsky, onímọ̀ ewéko ní Rọ́ṣíà, fi ẹ̀kẹta kún un, ìyẹn ruderalis. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá ẹ̀yà mẹ́ta ni wọ́n tàbí ẹ̀yà kan tí ó ní ìran púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn fara mọ́ èyí tó sọ pé ọ̀kan ni. Igbó ní igi akọ, ó ní igi abo, bíi ti ìbẹ́pẹ. Bí ẹ bá sì gbin ìran méjì nítòsí ara wọn, lẹ́búlẹ́bú akọ ti ọ̀kan yóò bà lé òdòdó abo ti èkejì, irúgbìn tí wọ́n bá so yóò sì hù dáadáa.

Bí a bá fi ojú wò wọ́n, ìyàtọ̀ wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní sativa lónìí a máa ga fíofío, ó lè kọjá mítà 3, ọmọ ewé rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń pẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tó gbó. Ilẹ̀ olóoru ló bá a lára mu, irú rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú oko ní Áfíríkà. Èyí tí wọ́n ń pè ní indica kúrú, ẹ̀ka rẹ̀ sún mọ́ra, ọmọ ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì dúdú mìnìjọ̀. Agbègbè òkè Hindu Kush, ní Afghanistan àti Pakistan, ni wọ́n ti mú ìran rẹ̀ jáde, níbi tí òtútù ti ń tètè dé, ìdí nìyí tí òun náà fi ń tètè gbó. Ẹ kíyè sí i pé èyí tí Lamarck rí kì í ṣe eléwé fífẹ̀ yìí, nítorí náà indica inú ìwé rẹ̀ àti indica orí káńtà kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́. Ruderalis kì í sábà tó mítà 1, kò sì lágbára. Ohun tó mú kí àwọn agbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń wò kí ó tó yọ òdòdó, nígbà tí àwọn méjì tó kù ń dúró de ìgbà tí òru bá gùn.

Ti pé ọ̀kan ń múni yá gágá tí èkejì sì ń múni sùn, n kò bá ọmọ yín lọ síbẹ̀. Èròjà tó ń pa ènìyàn bí ọtí ni THC, tí Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni yà sọ́tọ̀ ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1964, ó sì lè pọ̀ tàbí kó kéré nínú igi gíga àti nínú igi kúkúrú. Wọ́n sì ti ń da àwọn ìran wọ̀nyí pọ̀ mọ́ra láti àwọn ọdún 1970, tí ó fi jẹ́ pé àdàlù ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti Kánádà àti Netherlands yẹ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ wò, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021, wọ́n rí i pé orúkọ tí oníṣòwò fún un kò bá ìdílé tí ewéko náà ti wá mu. Ìwọ̀nba èròjà olóòórùn díẹ̀ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá tún bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ ní kó yé wo orúkọ, kó wo ìwọ̀n THC tí òfin ní kí wọ́n kọ sára páálí, nítorí òun gan-an ló ń ba ọpọlọ ọ̀dọ̀ jẹ́ bó bá pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí ìpara kan tí wọ́n kọ hemp sí lára ní ilé ìtajà. Ṣé kò ní pa mí bí ọtí? (Arábìnrin kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Rárá o, bó bá jẹ́ òróró irúgbìn hemp, ìyẹn igbó tí THC rẹ̀ kéré, ni wọ́n fi ṣe é. Ara òdòdó abo ni THC pọ̀ sí, nínú oje tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ lórí àwọn irun wẹ́wẹ́ ibẹ̀. Inú irúgbìn kò ní in.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ kòkó ni mí. Ẹnì kan ní kí n wá gbin hemp, pé òkè òkun ni wọn yóò ti rà á, pé òfin kò dè é nítorí kì í pani. Kí ni ẹ rí sí i? (Àgbẹ̀ kan, Ọ̀wọ̀)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ má tíì ro ilẹ̀ kankan. Sativa kan náà ni hemp. Ìwọ̀n THC ni wọ́n fi pààlà. Ernest Small, onímọ̀ ewéko ní Kánádà, ló dábàá ìdá 0.3 nínú 100 ní àwọn ọdún 1970, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kàn yan nọ́ńbà náà ni, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin ní 2018. Òfin tiwa kò mọ irú ààlà bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1966 ka ewéko èyíkéyìí tó bá jẹ́ ti ìdílé cannabis mọ́ igbó, òfin tó sì dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ ní 1989 kò fàyè gba gbígbìn rẹ̀. Rótìmí Akérédolú lọ sí Thailand ní 2019 nígbà tó jẹ́ gómìnà Òǹdó, òun pẹ̀lú ọ̀gá NDLEA, láti wo bí wọ́n ṣe ń gbìn ín fún oògùn, síbẹ̀ ìrìnàjò náà kò yí òfin padà.

Ojú lásán kò sì lè gbè yín. Lóòótọ́, hemp tí wọ́n gbìn fún okùn a máa fún pọ̀ mọ́ra, igi rẹ̀ a tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì ní ẹ̀ka púpọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbìn nítorí òdòdó rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fún CBD, èròjà tí kì í pani bí ọtí, jáde lára rẹ̀, kò yàtọ̀ sí igbó tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA ń dáná sun nínú igbó ọba. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè yà wọ́n, oko yín yóò sì ti di eérú kí àbájáde tó jáde. Ẹ ní kí ẹni náà mú ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ wá, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì NDLEA ní Àkúrẹ́ fúnra yín kí ẹ tó gba irúgbìn kankan lọ́wọ́ rẹ̀.