Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń wú àmọ́ ò dùn ún, ṣé kòkòrò eyín ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ bèèrè nípa ẹ̀, ọmọ ọdún 22 ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ apá òsì ti ń wú láti bí ọdún kan àtààbọ̀, kò sì dùn ún rárá. A ra ògùn ní kẹ́mísì, kò lọ, ẹnì kan wá bá a yọ eyín méjì tó ń mì níbẹ̀, ojú ibẹ̀ ò tíì jinná títí di bá a ṣe ń sọ yìí, ó tún wá ń tóbi sí i. Ìborùn ló fi ń bo ojú jáde báyìí. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é, àwọn kan ní jẹjẹrẹ ni, pé tí abẹ bá fi lè kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti parí nìyẹn. Kí la máa ṣe? Ìyá Ìbejì, Ìsẹ́yìn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn. Àìdùn yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú o. Tó bá jẹ́ eyín tó jẹrà ló gbọyún, ìrora ẹ̀ ò ní jẹ́ kó sùn, láàárín ọjọ́ mélòó kan lojú á ti wú. Nǹkan tó ń wú díẹ̀díẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ láìdunni, tó tún ń mi eyín, àfàìmọ̀ ni ò fi jẹ́ inú egungun párì ló ti ń dàgbà. Mi ò lè fi lẹ́tà ṣàyẹ̀wò aláìsàn, àmọ́ èyí tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní ameloblastoma.

Nígbà tí eyín bá ń hù, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú egungun tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti ṣe ara eyín tó le, tó ń dán yẹn, tí wọ́n bá ṣe é tán ó yẹ kí wọ́n lọ ni, àmọ́ nígbà míì àṣẹ́kù wọn á tún jí, á máa pọ̀ sí i, á sì máa jẹ egungun lọ. Nínú márùn-ún, bíi mẹ́rin ló máa ń wà ní párì ìsàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n lágbàáyé, àmọ́ àwa dókítà eyín ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n dáadáa, a sì máa ń rí i lára àwọn ọ̀dọ́ bíi tiẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í sì í ṣe ayé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn gbowó lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó máa fọwọ́ tẹ ibẹ̀ látinú ẹnu. Tí egungun bá ti fẹ́lẹ́, á máa dún lábẹ́ ìka bí èèpo ẹyin tó ń sán. Wọ́n á ya x-ray kan tó ń yípo orí, OPG ni wọ́n ń pè é, tó ń gbé párì látetí dé etí, níbi tó yẹ kí egungun ti dì, ẹ máa rí ihò lórí ihò bí afárá oyin. Ìyẹn nìkan ò tó o, torí àwọn àpò omi kan wà tó ń hù nínú párì tí x-ray tiwọn jọ ọ́ gan-an, ìtọ́jú wọn ò sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa gé ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ sí láàbù, biopsy nìyẹn. Wọ́n lè kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fà á wò, torí tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ẹ̀, gígé e láìmọ̀ wàhálà ni. Ẹ má bẹ̀rù abẹ yẹn, kò ní mú un fọ́n káàkiri. Eyín méjì tí wọ́n yọ láìya x-ray kankan ló dùn mí, eyín ò ṣẹ̀.

Tó bá jẹ́ ameloblastoma yẹn lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú ẹ̀. Tí wọ́n bá kàn ha á lásán, ó máa ń padà wá, torí náà wọ́n sábà máa ń gé e mọ́ bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lára egungun tó dáa, wọ́n á wá fi irin tàbí egungun tí wọ́n bù ní ìbàdí tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀ tún párì ṣe. Ó kéré tán, kó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọdún 10.

Láti Ìsẹ́yìn, ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Ìbàdàn ò jìnnà sí yín, ẹ béèrè ẹ̀ka oral and maxillofacial surgery, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu, párì àti ojú. Ẹ kó fọ́tò ẹ̀ àtijọ́ tó wà lórí fóònù dání, ti bọ́ọ̀sìdéè, ti òde ìgbéyàwó, dókítà á fi mọ ìgbà tí ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí àti bó ṣe ń yára tó. Tí ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá wá ń kú tipiri, tàbí tí oúnjẹ ò lọ geere mọ́ lọ́fun ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.