Ìyá Ehoro Yín Kò Kọ Àwọn Ọmọ Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ìgbógbó níbí ní Ìkòròdú ni mo ń gbé. Ehoro mi bí ọmọ méje, ọjọ́ kẹfà rèé. Kì í wọ inú àpótí lọ bá wọn, ẹ̀gbẹ́ kéèjì ló máa ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tó ta ehoro fún mi ní ó ti kọ̀ wọ́n torí pé mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní kí n kó wọn kúrò, kí n máa fi mílíìkì agolo po ògì fún wọn ní wákàtí méjì méjì. Ìjẹta ni mo bẹ̀rẹ̀, méjì ti kú. Ìgbà wo ni àwọn tó kù lè bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ gidi?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àdánù o. Kí ẹ tó ka ìyókù ohun tí mo kọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ kó àwọn márààrún padà sínú àpótí ìyá wọn, kí ẹ sì fi irun tí ìyá wọn fà tu lára rẹ̀ bò wọ́n. Wọn kì í ṣe ọmọ òrukàn. Ìyá wọn wà láàyè, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá ehoro ń fún ọmọ lọ́mú lójúmọ́, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì, kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Òru tàbí ìdájí ló sábà máa ń jẹ́, nígbà tí ẹ̀yin ń sùn. Á bẹ́ sínú àpótí, á dúró lé wọn lórí, wọn á mu àmuyó, á bẹ́ jáde, ó di ọ̀la. Ajá ń sùn ti ọmọ rẹ̀, ológbò náà ń sùn ti tirẹ̀. Ti ehoro kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá ehoro tí a ń sìn yìí ń bímọ sí. Bí ìyá bá ń wọlé tó ń jáde níbẹ̀, òórùn rẹ̀ á júwe ọ̀nà fún ẹranko tó ń pa wọ́n jẹ. Nítorí náà, bó ṣe jìnnà sí wọn yẹn, ó ń ṣọ́ wọn ni.

Pé ọwọ́ èèyàn ló mú kí ó kọ̀ wọ́n, irọ́ ni. Ehoro tí ẹ ń bọ́ lójoojúmọ́ ti mọ òórùn yín. Èmi fúnra mi máa ń kó ọmọ ehoro jáde láràárọ̀, mà á kà wọ́n, mà á sì yọ òkú bó bá wà. Ẹni tí kì í yẹ àpótí wò, òkú kan á jẹrà mọ́ àwọn tó kù lára. Ẹ fọwọ́ yín, ẹ fi ra koríko inú àpótí náà, ó tán.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ikùn ni kí ẹ wò. Èyí tó mu ọmú, ikùn rẹ̀ á yọ roboto, awọ rẹ̀ á dán. Èyí tí kò mu, ikùn á wọlé, awọ á hun jọ. Ọjọ́ mẹ́ta tí wọn kò fà á lè ti dín omi ọmú ìyá wọn kù. Bí ikùn wọn kò bá yọ, ẹ gbé ìyá sínú àpótí, ẹ rọra dì í mú kí wọ́n fi mu, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́.

Mi ò rí òkú àwọn méjì yẹn, nítorí náà n kò lè búra lórí ohun tó pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ṣu omi, ẹ wo ohun tí ẹ fún wọn. Omi ọmú ehoro ki gan-an: nínú 100 gíráàmù, ọ̀rá ju 10 lọ, amuaradagba náà ju 10 lọ. Ti màlúù, ọ̀rá bíi 4, amuaradagba bíi 3, ṣúgà inú rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ti ehoro lọ. Ẹ wá fi ògì kún un, fún ìfun tí kò tíì mọ ohun tí a ń pè ní àgbàdo. Bí mílíìkì bá sì ti ń yọ nímú wọn, ẹ̀dọ̀fóró ló gbà lọ.

Bí ìyá bá kú ní tòótọ́ ńkọ́? Ẹ wá ìyá ehoro mìíràn tó bí láàárín ọjọ́ kan sí méjì sí tiwọn, kí ẹ kó wọn mọ́ tirẹ̀. Ọmú mẹ́jọ ni púpọ̀ nínú wọn ní, kí àpapọ̀ ọmọ tirẹ̀ àti tiwọn má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àfi bí kò bá sí rárá ni kí ẹ lo wàrà ewúrẹ́, tàbí mílíìkì ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni: 2.5 mílí lẹ́ẹ̀kan fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, 6 sí 7 bó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, 12 sí 13 ní ọ̀sẹ̀ méjì. Síríńjì tí a ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí orí ọmọ wà lókè, kí ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá a dùbúlẹ̀ bí ọmọ èèyàn. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ fi ìgò omi gbígbóná tí ẹ ti fi aṣọ wé mú un móoru kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi òwú tó rin nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìdí rẹ̀ kí ó lè tọ̀, títí ojú rẹ̀ á fi là.

Ó wá ku oúnjẹ gidi tí ẹ béèrè. Ojú wọn á là láàárín ọjọ́ kẹwàá sí ìkejìlá. Tó bá di bí ọjọ́ 15 sí 18, wọn á máa jáde, wọn á máa tọ́ oúnjẹ ìyá wọn wò. Koríko gbígbẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá níbẹ̀, lẹ́yìn náà pẹ́lẹ́ẹ̀tì díẹ̀ (oúnjẹ ehoro oníkóró tí wọ́n ń tà), pẹ̀lú omi mímọ́. Ewé tútù, bíi ewé ọ̀dùnkún, ẹ jẹ́ kó ṣá díẹ̀ lóòrùn, ẹyọ ewé kan péré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ewé ẹ̀gẹ́, ewé píà, gàrí tàbí búrẹ́dì. Ẹ má já wọn lẹ́nu ọmú kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún; mẹ́fà sàn jù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Nígbà tí ọmọ ehoro ń mu ọmú, òróró kan máa ń jáde lára wàrà nínú ikùn rẹ̀, òun ló ń pa kòkòrò àrùn. Àgbà ehoro, omi inú ikùn rẹ̀ kan tó èyí tó ń pa kòkòrò fúnra rẹ̀. Èyí tí ẹ bá já lẹ́nu ọmú láìtó àkókò kò ní òróró yẹn mọ́, kò sì tíì ní omi kíkan náà. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kú nígbà yẹn. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ ìyá wọn, ẹ má lé wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn kòkòrò rere tí yóò máa bá wọn lọ koríko nínú ìfun.

Bí wọ́n bá ń ṣu omi, ẹ má tú kápúsù ampicillin tàbí amoxicillin (oògùn apakòkòrò ni wọ́n) sómi fún wọn, ẹnikẹ́ni tó wù kó júwe rẹ̀. Ó ń pa kòkòrò rere wọ̀nyẹn, ehoro á sì tẹ̀ lé e. Èyí tí ikùn rẹ̀ bá wú tó le, tàbí tí kò mira mọ́, ẹ má dúró de èsì lọ́dọ̀ mi. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran tó máa fojú rí i.

Lọ́la, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ikùn wọn, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iye tó yọ nínú márùn-ún.