Ẹ Béèrè, A Fèsì: Òkìtì Ajílẹ̀ Tó Ń Rùn, Ọṣẹ Tí Kò Dì, àti Omi Aró

Mẹ́rin nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pe àdúgbò jọ ní Òṣogbo láti kọ́ ara wọn bí a ṣe ń dín ìdọ̀tí kù. Èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù la kọ́kọ́ mú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa pe ìpàdé lóṣù keje, a jọ kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdọ̀tí ilé ìdáná jọ láti fi ṣe ajílẹ̀. Kí ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e tó pé, òórùn ti gba àdúgbò, eṣinṣin bò ó, àwọn ayálégbé sì ní ká kó o kúrò. Ẹnì kan ní ká da eérú lé e, ló bá tún burú sí i. Níbo la ti ṣì í? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òkè-Baálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Èèpo tútù nìkan, nínú òjò oṣù keje: ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún omi. Tí wọ́n bá gorí ara wọn, tí òjò tún rọ̀ lé e, wọ́n á lẹ̀ pọ̀ bí àmàlà tó ti sùn, atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà gbà. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí níbi tí kò sí atẹ́gùn ló ń mú òórùn ẹyin bíbàjẹ́ wá.

Ti eérú yàtọ̀. Òórùn tirẹ̀ a máa ta imú bí ìtọ̀, torí eérú ń lé ohun tí ì bá di oúnjẹ fún ẹ̀fọ́ jáde sínú afẹ́fẹ́, pàápàá tí ìgbẹ́ adìẹ bá wà níbẹ̀. Ìkúnwọ́ méjì mẹ́ta tó fún òkìtì kan. Garawa kan ti pọ̀ jù.

Òkìtì tó máa gbóná dáadáa gbọ́dọ̀ tó mítà 1 ní gígùn, mítà 1 ní fífẹ̀, mítà 1 ní gíga. Bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20, bí 50, ló ń kún un. Tí ilé 17 bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta mẹ́ta wá, ó pé: ọ̀kan tútù, bí èèpo, ìdọ̀tí ẹ̀fọ́ àti ìgbẹ́ adìẹ, méjì gbígbẹ, bí ewé tó ti rọ, háhá àgbàdo, páálí yíya, tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi. Ẹ má gba ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán kùn. Ẹran, egungun àti ọbẹ̀ elépo kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, eku ni wọ́n ń pè.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ẹ̀ka igi tó nípọn bí àtàǹpàkò sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọlé. Ẹ wá to gbígbẹ, tútù, gbígbẹ, tútù, kí gbígbẹ ló gbẹ̀yìn lókè, torí eṣinṣin kò fẹ́ràn ibi tó gbẹ. Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ bu ìkúnwọ́ kan láti àárín, kí ẹ fún un. Bí omi bá kán lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ìka, ó dára. Bó bá ń ṣàn, ẹ fi gbígbẹ kún un. Bí kò bá dì mọ́ra rárá, ẹ wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Tí irin náà bá gbóná débi pé ọwọ́ kò fẹ́ dì í mú, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ẹ fi tapólì bò ó lójò, ṣùgbọ́n ẹ má fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọparun ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́.

Ibi tí ìpàdé oṣooṣù ti ń kùnà gan-an nìyí: òkìtì fẹ́ kí wọ́n yí òun padà ní ọjọ́ 7 sí 10 síra, kò lè dúró de ìpàdé. Ẹ yan ẹni mẹ́rin tí yóò fi ṣọ́bìrì kó ti ẹ̀gbẹ́ sáàárín, kí wọ́n kó ti àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹgbẹ́ máa pààrọ̀ wọn lóṣooṣù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 10 sí 12, ó máa dúdú, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó sì máa ti wálẹ̀ dé bí ìdajì.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, ẹ má kó o dànù. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ fi gbígbẹ ìlọ́po méjì rẹ̀ pò ó, kí ẹ tún un tò. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ewé gbígbẹ ṣọ̀wọ́n lójò. Lọ́yẹ́ tó ń bọ̀, ẹ máa kó o sínú àpò sìmẹ́ńtì de ìgbà òjò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ alákàrà ni wá. A fẹ́ fi òróró tí a ti dín àkàrà kọ́ àwọn èèyàn ní ọṣẹ ìfọṣọ níbi àpèjọ àdúgbò. Nígbà tí a dán an wò, apá kan ò dì, apá kejì jẹ wá lọ́wọ́. Ife la fi wọ̀n ọ́n. (Ìyá alákàrà, Ìgbọ̀nà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ife náà ló ṣe yín. Òṣùwọ̀n oníbátìrì ni kí ẹ lò, torí lítà 1 òróró kò tó kílò 1. Bíi gíráàmù 920 ló ń wọ̀n. Fún kílò 1 òróró, gíráàmù 130 kọ́sítíìkì (sódà tó ń jẹni lára), àti gíráàmù 320 omi. Kọ́sítíìkì tí agolo rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ ti fa omi afẹ́fẹ́ mu, agbára rẹ̀ ti dínkù, ìdí mìíràn tí ọṣẹ kì í fi dì nìyẹn. Èyí tó jẹ yín lọ́wọ́, kọ́sítíìkì rẹ̀ pọ̀ ju òróró lọ.

Ẹ fi aṣọ sẹ́ òróró, kí ata àti èérún àkàrà kúrò nínú rẹ̀. Kọ́sítíìkì ni ẹ ń dà sínú omi tútù díẹ̀ díẹ̀, ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì láé, ó lè ta síni lójú. Kí ó jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ike tó nípọn tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà. Ìkòkò alumíníọ̀mù máa hó, á sì gbé gáàsì tó lè gbiná jáde. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú, kí àwọn ọmọdé jìnnà. Tí òróró àti omi kọ́sítíìkì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki bí ògì gbígbóná, tí èyí tó kán láti orí igi tí ẹ fi ń rò ó yóò fi hàn lójú rẹ̀ kó tó rì. Ẹ dà á sínú páálí tí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí. Ẹ gé e lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sá a síbòji fún ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹnikẹ́ni tó lò ó. Torí náà, ẹ ṣe tiyín sílẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, kí àwọn àlejò rí ọṣẹ mú lọ sílé. Èyí tí ẹ ṣe níwájú wọn ò ní tíì ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ó bá ta sára ẹnikẹ́ni, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 20, ẹ má fi ọtí kíkan tàbí epo pa á.

ÌBÉÈRÈ: Ìpàdé wa lórí ìdọ̀tí parí, ìdọ̀tí tí a fi sílẹ̀ ju ti àríyá lọ! Abọ́ fọ́ọ̀mù àti ọ̀rá pọ́wọ̀tà ló kún ilẹ̀. (Olùkọ́, Alékúwodò)

ÌDÁHÙN: Ká ní ẹni 60 ló wá, ọ̀rá méjì méjì, àpò pọ́wọ̀tà mẹ́fà nìyẹn. Omi lítà 60 ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́ta tàbí dírọ́ọ̀mù ẹlẹ́nu-ẹ̀rọ kan á gbé e. Kí kálukú mú ife ti ilé rẹ̀ wá. Fún àwọn tó gbàgbé, ẹ fi omi ọṣẹ, omi ìfọ̀nù, àti omi tí ẹ da Jik sí, ṣíbí ìjẹun ńlá kan sí lítà 4, fọ ife fún wọn, kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Mọ́ínmọ́ín inú ewé eéran dára ju ìrẹsì inú fọ́ọ̀mù, ewé náà sì máa ń wọ òkìtì ajílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ní ìlú aró, ṣé a lè da omi aró tó ti gbó sí gọ́tà lẹ́yìn àpèjọ àdìrẹ? (Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Gọ́tà ló ń lọ sódò, odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó tí UNESCO fọwọ́ sí ní 2005 kọjá sì ti ní ìdọ̀tí tó tó o láti òkè, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ti èlú àti omi eérú kò burú tó ti kọ́sítíìkì àti hydrosulphite (oògùn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí aró yọ́), èyí tó máa ń gba atẹ́gùn inú omi lọ́wọ́ ẹja. Ẹ máa rò ó sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan kí hydrosulphite lè kú, ẹ wá fi ọtí kíkan díẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ máa fi bébà pH (èyí tó ń fi àwọ̀ sọ bí omi ṣe kan tó) wò ó títí pH rẹ̀ yóò fi wà láàárín 6 sí 9. Ẹ dà á sínú kòtò tó jìnnà sí kànga ní ó kéré tán mítà 30.