Ṣé ká sọ àjọ wa níbi iṣẹ́ di kọ́pù (ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù)?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù aládàáni kan ní Tanke, n'Ílọrin. Àwa òṣìṣẹ́ 26 là ń dá àjọ, 10,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó. Àwọn kan ti wá ní ká sọ ọ́ di kọ́pù, kí wọ́n máa yọ owó náà látinú owó oṣù wa. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kọ́pù máa ṣe tí àjọ ò lè ṣe? Tí mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, ṣé owó mi ò ní há síbẹ̀? Mùsùlùmí sì ni mí, mi ò fẹ́ gba lóònù elélèé.

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn o. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́, owó òógùn ojú ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń báwọn ẹgbẹ́ kọ́pù yẹ ìwé owó wò n'Ílọrin, Ọ̀ffà àti Òmù-Àrán, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn náà ni màá sọ fún yín: kọ́pù dáa ju àjọ lọ, àmọ́ kọ́pù tí kálukú ò bá ti lè ṣí ìwé ẹ̀ wò, ẹ kúkú máa dá àjọ yín lọ jàre.

Ẹ wo àjọ tiyín ná. Ẹni tó kọ́kọ́ kó gba 260,000. Ẹni tó máa gbẹ̀yìn, ọdún méjì àti oṣù méjì ló máa fi dúró, 260,000 yẹn náà ló sì máa kó, ìrẹsì á sì ti gbówó lórí. Tọ́mọ bá wá ṣàìsàn lóṣù kẹta, tó jẹ́ oṣù ogún ló kàn yín, ẹ̀bẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹni tó kàn pé kó yọ̀ǹda tiẹ̀. Ti kọ́pù, owó náà ò kúrò nílẹ̀, ẹnì kan ò kó o lọ tán, ara ẹ̀ lẹ ti ń yá, èrè tó bá jáde níbẹ̀ ẹ̀yin náà lẹ máa pín in. Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi sọ ọ́ ní alájẹṣẹ́kù, ẹ jẹ, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Ẹ má sì rò pé báǹkì ló dá nǹkan yìí sílẹ̀. Ní Rochdale nílùú Òyìnbó, lọ́dún 1844, àwọn èèyàn 28 ni, ahunṣọ pọ̀ nínú wọn, bíi tàwọn tó ń hun òfì lọ́dọ̀ wa n'Ílọrin, wọ́n dáwó jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè rí fúláwà àti bọ́tà tí òṣùwọ̀n ẹ̀ pé rà. Tẹ́ ẹ bá ń wo 26 yín pé ó kéré, Navy Federal tó jẹ́ kọ́pù ìfowópamọ́ àti owó yíyá (credit union) tó tóbi jù láyé lónìí, òṣìṣẹ́ méje péré níléeṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1933. Lọ́dọ̀ tiwa, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Strickland ló kọ ìwé fún ìjọba ní 1934 lórí bí kọ́pù ṣe lè rí ní Nàìjíríà, òfin àkọ́kọ́ jáde ní 1935, èyí tíjọba àpapọ̀ wá ṣe ní 1993 sọ pé èèyàn mẹ́wàá ti tó láti dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin 26 ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ́ kọ báíló, ìyẹn ìwé òfin ẹgbẹ́ yín, ẹ̀ẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dàírẹ́kítọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ kọ́pù fún ìjọba Kwara. Ẹ má fojú fo èyí o, torí ẹgbẹ́ tí ò forúkọ sílẹ̀, orúkọ èèyàn kan ni owó ẹ̀ máa ń wà ní báǹkì.

Ó yá, lóònù. Ọ̀pọ̀ kọ́pù n'Ílọrin máa ń yáni ní ìlọ́po méjì owó téèyàn ti fi pamọ́. Tẹ́ ẹ bá ti fi 10,000 pamọ́ fún ọdún kan, 120,000 nìyẹn, ẹ lè yá 240,000, èèyàn méjì á sì dúró fún yín (tẹ́yin náà bá bá ẹlòmíì ṣe oníduùró, ẹ mọ̀ pé owó tiyín náà ti wọ̀ ọ́). Ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́ èèyàn jẹ ni èlé. Wọ́n á ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, 24,000 náírà, ó dúró lójú kan, ẹ̀ẹ́ máa san 22,000 lóṣù títí ọdún á fi pé. Àmọ́ tó bá jẹ́ náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, lórí owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́rùn yín nìkan, oṣù àkọ́kọ́ 2,400 ni èlé ẹ̀, oṣù tó kẹ́yìn 200 péré, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 15,600. Ẹ ní kí wọ́n kọ èwo ni wọ́n ń lò sínú báíló, kí wọ́n fi owó ṣe àpẹẹrẹ síbẹ̀.

Tiyín tẹ́ ò fẹ́ ribá, ìyẹn owó èlé, ọ̀rọ̀ yín yé mi, àwọn tó ń béèrè ẹ̀ n'Ílọrin yìí ò kéré. Ẹ ní kí wọ́n fi ríra-ọjà sínú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ ń fẹ́ fíríìjì, kọ́pù fúnra ẹ̀ á lọ rà á, á gbà á sọ́wọ́, á sọ iye tó rà á fún yín, á wá tà á fún yín pẹ̀lú èrè tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ̀ẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀, iye yẹn ò sì gbọdọ̀ lé kódà tẹ́ ẹ bá pẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá kówó lé yín lọ́wọ́ pé ẹ lọ rà á kẹ́ ẹ mú rìsíìtì wá, ẹ fọ̀rọ̀ lọ áfáà yín kẹ́ ẹ tó gbà á. Bíi ti fíríìjì tí kọ́pù fúnra ẹ̀ rà yẹn náà ni ìrẹsì àti òróró tí wọ́n máa ń kó wá ká tó gbààwẹ̀ àti ká tó ṣe Iléyá.

Ní ti kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, owó yín ni, wọ́n máa yọ gbèsè yín kúrò, wọ́n á kó ìyókù fún yín. Kí ni ò jẹ́ kó yá? Wọn ò kọ iye ọjọ́ sí báíló. Ẹ kọ ọ́, bóyá ọgọ́ta ọjọ́, bóyá àádọ́rùn-ún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí o. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí síléèwé kan, mo gbé páyílíìpù àwọn tíṣà sápá òsì, mo gbé ìwé tí báǹkì fún kọ́pù sápá ọ̀tún. Lápá òsì, wọ́n ń yọ owó ní gbogbo oṣù. Lápá ọ̀tún, oṣù márùn-ún, kọ́bọ̀ ò wọlé. Mo ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá kan tó ń dáná fáwọn ọmọ níbẹ̀ ní kí n tún tòun kà, mo tún un kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Akápò wọn ò jí nǹkan kan, ọ̀gá iléèwé ló ń fowó náà ra dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n padà san án, àmọ́ ó ju ọdún kan lọ kó tó pé.

Nítorí náà, lóṣooṣù, kí akápò lẹ ìwé báǹkì mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn tí wọ́n yọ owó wọn. Kí álẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù èèyàn mẹ́ta. Kẹ́nikẹ́ni má sáìnì ìwé sọ̀wédowó sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. NDIC tó ń dúró fún owó wa ní báǹkì ò bá wa dúró fún owó tẹ́nì kan fi sọ́wọ́ kọ́pù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣọ́ ọ. Òfin sì ní kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin èrè ọdún pamọ́ kí wọ́n tó pín ìyókù, tí wọ́n bá fẹ́ pín gbogbo ẹ̀ tán, ẹ dìde kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀.

Ohun kan ṣì kù: ẹ jẹ́ kí àjọ tẹ́ ẹ ń dá lọ́wọ́ parí ná. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró láàárín méjì, àwọn tí ò tíì kó á fi owó wọn ṣòfò, inú wọn ò sì ní dùn dé ìpàdé kọ́pù àkọ́kọ́.