Ẹ má tíì gba búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́wọ́ ọmọ yẹn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá wa l'Óńdó. Mo ka ohun tí ẹ kọ: ọmọkùnrin yín ti pé ọdún mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọ́tísìmù ni, ìyẹn bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tó sì ń mú ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe nira fún un. Ẹnìkan wá ní kí ẹ gba búrẹ́dì àti mílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì ń béèrè pé yóò tó ìgbà wo kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1979 ni onímọ̀ ọpọlọ kan, Jaak Panksepp, dá a lábàá pé ohun tó jọ mọfíìnì, oògùn apàrora tó lágbára nì, ló pọ̀ jù nínú ọpọlọ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Olùwádìí kan ní Nọ́wè, Reichelt, wá fà á dé orí oúnjẹ. Ó ní pùrótéènì inú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten, àti ti inú wàrà tí wọ́n ń pè ní casein, kì í dà tán, pé èérún wọn ń gba ojú ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dé ọpọlọ. Ó dùn-ún gbọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi gluten àti casein pamọ́ sínú oúnjẹ ọmọ 14 láìjẹ́ kí òbí mọ ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ìwà wọn ò yí padà. 2016 ni ìwádìí náà jáde.

Ọmọbìnrin tèmi, búrẹ́dì, indomie àti ògì oní-mílíìkì nìkan ló ń jẹ. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ oúnjẹ ní Akúrẹ́ níbí ní ká gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ ò fẹnu kan móínmóín, kò fẹnu kan iyán. Bí mo bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Á lọ dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù tí búrẹ́dì máa ń wà, á máa fi iwájú orí gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ títí tí ibẹ̀ á fi pọ́n. Kò sùn lóru, èmi náà ò sùn. Aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ wá ń já bọ́ léjìká. Mo pe ọkùnrin yẹn, ó ní oró ló ń jáde lára rẹ̀, kí n fara dà á, kí n sì fi owó ìgò oògùn mìíràn ránṣẹ́. Dókítà tí mo gbé e lọ bá ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ. Ó ń kọ̀wé lọ, ó ní, “Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló tẹ ikùn rẹ̀ nísàlẹ̀ lápá òsì, tó ní ìgbẹ́ ti le síbẹ̀ bí òkúta. Ìgbà tó ṣu tán, tí a dá oúnjẹ rẹ̀ padà, ló tó rí oorun sùn, tí gbígbá orí náà sì dín kù. Ìgbẹ́ líle wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọ wa gan-an, ẹni tí kò lè sọ pé inú ń run òun, ìwà ló máa fi sọ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta àyẹ̀wò ìtọ̀ lórí WhatsApp, tí wọ́n ní àwọn á fi wá èérún gluten àti casein yẹn. Owó yín ni wọ́n ń wá.

Àìsàn kan wà tí pùrótéènì ń ba ọpọlọ jẹ́ ní tòótọ́, PKU lorúkọ rẹ̀. Ara ọmọ ò lè lo phenylalanine tó wà nínú ẹran, ẹyin, wàrà àti ẹ̀wà, á wá máa kó jọ. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà, bí wọ́n tilẹ̀ fajú ro. Bí wọ́n bá sì fura sí àìsàn celiac, èyí tí gluten ti ń ba ìfun jẹ́, kó ṣì máa jẹ búrẹ́dì títí wọ́n á fi ṣe àyẹ̀wò náà, torí bí ẹ bá ti gbà á ṣáájú, èsì lè tàn yín.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dán an wò, ẹ gba ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀mó, pọ́fù-pọ́fù àti búns, àlìkámà ni gbogbo wọn. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà àti ẹ̀kọ ò ní gluten. Bí mílíìkì bá kúrò, ẹ wá ohun tí egungun rẹ̀ á fi le, ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun dára. Ẹ máa wọn ọmọ náà lórí ìwọ̀n, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ń rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, bóyá ó ń gbọ́ràn dáadáa, torí kò tíì sọ̀rọ̀.

Ìgbà wo ló ṣu kẹ́yìn, báwo ni ìgbẹ́ náà sì ṣe rí? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n rí i.